Ọmọ Alátọ̀gbẹ Nínú Yìnyín

Arábìnrin kan láti Lọ́ńdọ̀nù bi mí léèrè pé ọmọ òun, ọmọ ọdún 9 tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré nínú yìnyín. Ṣé kí òun tì í mọ́lé ni? Rárá o. Eré dára fún un, bí a bá mọ ohun tí òtútù ń ṣe.

Bí ọmọ bá ń sáré, ara rẹ̀ ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n, gbígbọ̀n náà ń lò ó. Ínsúlínì tí ó ti wọ ara kò sì mọ̀ pé ọmọ ń ṣeré. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe lọ. Báyìí ni ṣúgà fi ń já wálẹ̀. Èyí tí ó burú níbẹ̀ ni pé àmì rẹ̀ jọ ti òtútù: gbígbọ̀n, àárẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò já geere. Ìyá lè ní, "Òtútù ló mú un," kí ó fi ẹ̀wù mìíràn bò ó, nígbà tí ó jẹ́ pé ṣúgà ni ara ń wá. Ẹ má ṣe méfò, ẹ wọ̀n ọ́n: kí ó tó jáde, láàárín eré, àti nígbà tí ó bá wọlé.

Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 4 lọ (70 ni wọ́n ń kà á sí ní Amẹ́ríkà), kí eré dúró. Ẹ fún un ní omi ọsàn tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì glucose, ní ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì rẹ̀ sọ, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ṣokoléètì kọ́ o. Ọ̀rá inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó yára ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbójú lé Lucozade, láti 2017 ni wọ́n ti dín ṣúgà inú rẹ̀ kù gan-an. Ẹ ka ara ìgò. Bí ọmọ bá dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ fún un ní glucagon bí wọ́n bá ti kọ́ yín, kí ẹ sì pe 999.

Ínsúlínì kò gbọdọ̀ dì. Èyí tí ó bá ti dì rí, ẹ dà á nù, bí ó tilẹ̀ ti yọ́. Abẹ́ ẹ̀wù, lẹ́bàá ara, ni kí ẹ fi í sí. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà náà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú òtútù, ìka tí ó tutù kì í sì í mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́.

Òru ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Ṣúgà ọmọ tí ó ṣeré lọ́sàn-án lè já wálẹ̀ lójú oorun, nítorí ara ṣì ń dá èyí tí ó lò padà. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ó tó sùn, ẹ tún wọ̀n ọ́n lóru, kí ẹ sì bi dókítà bóyá kí a dín abẹ́rẹ́ alẹ́ kù.

Àwọn kan yóò ní kí a fi àdúrà rọ́pò abẹ́rẹ́. Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan ní ínsúlínì ní Toronto ní oṣù kìn-ín-ní 1922, ikú ni irú ọmọ báyìí ń kú. Ẹ má ṣe fi ààwẹ̀ dè é pẹ̀lú, pàápàá ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ó máa ń bọ́ sí àárín òtútù gan-an. Kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ rẹ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi: bí ọmọ náà bá ní òun fẹ́ mu nǹkan nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́, kí ó jẹ́ kí ó mu ún.