Ẹ Jẹ́ Ká Ní Òṣùwọ̀n Ọpọlọ Tiwa

Bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan bá ń gbọ̀n nídìí ẹ̀rọ ní Sango-Ọ̀tà, tí irin ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó láìsí ìlù, súpáfáísọ̀ á rò pé ó ti mutí ni. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é. Ta ló máa ronú kan àrùn Huntington? Àrùn ìdílé ni, ó ń jẹ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Bí òbí kan bá ní i, ìdajì-ìdajì ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó lè jogún rẹ̀, ó sì lè má jogún rẹ̀. Wọ́n ní kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa bíi ti Yúróòpù (àmọ́ ohun tí a kò wá, báwo la ṣe fẹ́ rí i?). Síbẹ̀, ó yẹ kí a máa wọn bí ọpọlọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń súnkì, kí a sì fi ọpọlọ àwọn èèyàn wa tí ara wọn dá ṣe òṣùwọ̀n.

Dókítà kan lè ní ara aláìsàn ń gbọ̀n púpọ̀, kí òmíràn ní kò tó bẹ́ẹ̀. Àìsùn tàbí ìbínú lásán lè yí i padà. Ìtóbi ọpọlọ kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí TRACK-HD tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sarah Tabrizi ti University College London darí láti 2008, èèyàn 366 ni wọ́n yẹ̀ wò ní London, Paris, Leiden àti Vancouver. Láàárín ọdún kan, àwòrán MRI ti fi hàn pé ọpọlọ àwọn tó gbé jíìnì àrùn Huntington ń súnkì ju ti àwọn yòókù lọ, títí kan àwọn tí àmì àìsàn kò tíì hàn lára wọn. Fún àrùn tí aláìsàn rẹ̀ kò pọ̀, irú òṣùwọ̀n báyìí ló lè jẹ́ kí a tètè mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ṣé kí a kàn yá òṣùwọ̀n wọn lò? Ìwádìí tí àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntòkun àti Ògúnníyì bá àwọn ará Indianapolis ṣe, tó jáde ní 2001, ti kìlọ̀ fún wa pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ wa lè má rí bíi tiwọn: nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, 1.35 ni àìsàn ìṣarán ń mú lọ́dún n'Íbàdàn, 3.24 láàárín àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ tiwa náà yàtọ̀. Ìwádìí kan ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 péré ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 58 wà ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú wọn ni agbára wọn kò tó nǹkan. Kíka ìtóbi ọpọlọ láti inú àwòrán, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà sì ní ibùdó ìwádìí tó mọ kọ̀ǹpútà àti jíìnì. Wọ́n lè fi àwòrán tó ti wà ní ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀, bí àwọn tó ni ín bá gbà, tí wọ́n sì yọ orúkọ kúrò. Ẹni tí orífífọ́ gbé wá síbẹ̀ kì í ṣe aláìlárùn pátápátá lóòótọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn.

Àwọn kan á ní ibà ṣì ń pa ọmọdé, pé ìyẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ bójú tó. Òótọ́ ni, àmọ́ òṣùwọ̀n kan náà yóò wúlò fún àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, tí ọpọlọ wọn lè fara pa láìsí àmì kankan. Èyí tó wúwo jù lójú mi ni ti òṣìṣẹ́ kájúà: bí ọ̀gá bá gbọ́ pé ó gbé jíìnì yìí, wọ́n lè lé e kó tó ṣàìsàn rárá. Nítorí náà, ilé ìwòsàn ni kó máa tọ́jú èsì, kí kílíníìkì iléeṣẹ́ má fojú kàn án. Títí òfin yóò fi dáàbò bo irú ẹni bẹ́ẹ̀, àwọn tí àìsàn ti hàn lára wọn àtàwọn tó yọ̀ǹda ara wọn nìkan ni kí a wọ̀n.