Fóònù Kò Bàjẹ́, Ọ̀nà Ni Ó Yí Padà



Ẹjọ́ kan ń pọ̀ sí i ní ẹ̀ka wa yìí, kò sì yẹ kí a máa fi ẹ̀rín kọjá lórí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ á mú fóònù rẹ̀ láti wo ìwé owó oṣù, tàbí láti tọrọ ìsinmi, tàbí láti wo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ojú fóònù á funfun báláú. Nígbà mìíràn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé bíráúsà rẹ̀ ti gbó, kí ó lọ gba tuntun. Ó lọ gba tuntun, fóònù ní òun kò lè gbé e. Bí ó bá dé ọ́fíìsì, akọ̀wé á ní, "Lọ ra fóònù gidi." (Ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà fi owó ara rẹ̀ ra èyí tí ó ń lò lẹ́nu iṣẹ́.)

Bíráúsà ni ohun tí a fi ń ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì: Chrome, Opera Mini, Firefox àti irú wọn. Àwọn tí ó ni wọ́n ń yí wọn padà lóòrèkóòrè, àwọn tí ń kọ ojú-ewé sì ń tẹ̀lé wọn. Àwọn awakọ̀ wa yóò tètè mọ ohun tí à ń sọ. Ní April 2, 1972, Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn èrò rẹ̀ wà lápá òsì kò bàjẹ́ ní ọjọ́ náà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ geere, ṣùgbọ́n àárín títì ni èrò yóò máa bọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóònù wa rí. Láti August 2025, Chrome tuntun kò gba fóònù tí Android rẹ̀ kò bá tó 10 mọ́. Android 9 sì rèé, 2018 ni ó jáde. Fóònù tòkunbọ̀ tí ń lò ó ṣì wà lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wa.

A kò sọ pé kí wọ́n má tún nǹkan ṣe o. Bíráúsà àtijọ́ ní ihò, àwọn olè sì mọ ihò náà. Ẹni tí ó ń fi í wọ inú àkáǹtì báǹkì rẹ̀ ti fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì. Ohun tí à ń bi wọ́n ni pé: ta ni wọ́n sọ fún, ta ni yóò sì san owó rẹ̀?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú-irin ní Dalian, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ohun èlò kan wà tí ń jẹ́ Flash, tí bíráúsà fi ń gbé àwòrán tí ń rìn. Ilé-iṣẹ́ Adobe tí ó ni ín kéde ní July 2017 pé òun yóò pa á ní òpin 2020. Nígbà tí ó di January 12, 2021, Flash kọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Dalian kò sì rí àtẹ ìrìn ọkọ̀ wọn wò mọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ìdájí ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i tún ṣe, Flash àtijọ́ náà ni wọ́n sì gbé padà. Ìkéde ti wà nílẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́ta lọ; àìsùn rẹ̀, ọrùn òṣìṣẹ́ ni ó bọ́ sí.

Microsoft pa Internet Explorer ní June 15, 2022. Ṣùgbọ́n nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní ojú-ewé tí kò lè ṣí nínú ohun mìíràn, ó fi ààyè ti àtijọ́ sílẹ̀ nínú Edge, bíráúsà rẹ̀ tuntun, ó sì ṣèlérí pé yóò wà níbẹ̀ títí di 2029, ó kéré tán. Ọdún méje! Àwọn ọ̀gá ké, wọ́n rí ọdún méje gbà. Onífóònù kan ṣoṣo ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹ́rù kò rí ẹni tí yóò fún un ní ọjọ́ méje. Ìdí nìyẹn tí ó fi di ọ̀rọ̀ yúnìọ̀n.

Èyí tí ó ká wa lára jù ni owó ìfẹ̀yìntì. Gẹ́gẹ́ bí òfin 2014, ìdá 8 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lára owó wa, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi 10 tirẹ̀ kún un. Báwo ni òṣìṣẹ́ yóò ṣe mọ̀ pé owó náà wọlé bí kò bá rí i wò fúnra rẹ̀? Bí ojú-ewé bá funfun fún oṣù mẹ́fà, ọ̀gá tí kò san kọ́bọ̀ lè máa rìn gbẹ̀fẹ́ kiri. Ẹni tí ó sì ń gba ₦70,000, owó tí ó kéré jù lọ tí òfin 2024 fọwọ́ sí, ẹ bi í bóyá ó lè fi owó oṣù rẹ̀ ra fóònù tuntun kí ebi má pa ará ilé rẹ̀.

À ń béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ ní Ṣágámù àti gbogbo agbègbè Rẹ́mọ pé kí fọ́ọ̀mù oníwèé má kúrò nílẹ̀. Kí kọ̀ǹpútà kan wà tí òṣìṣẹ́ lè lò láìsanwó. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní kí awakọ̀ máa fi fóònù gba ìwé ẹrù, kí ó ra fóònù náà fún un bí ó ti ń ra bàtà iṣẹ́. Kí wọ́n sì kọ̀wé sí ẹ̀ka wa ní oṣù mẹ́ta ṣáájú kí wọ́n tó yí ojú-ewé padà.

Ẹ̀yin tí Chrome ti kọ̀ sílẹ̀, ẹ gbìyànjú Firefox. Ní òpin 2025 ó ṣì ń gba Android 8 àti 9. Bí ojú-ewé bá ṣì kọ̀, ẹ kọ déètì àti ohun tí fóònù sọ gẹ́lẹ́ sílẹ̀, kí ẹ fún aṣojú yúnìọ̀n níbi iṣẹ́ yín. Ẹ má kọ nọ́ńbà àṣírí yín mọ́ ọn.