Bí Ìkọ̀wé Àgbà Bá Yí Padà, Ẹ Jẹ́ Kí Dókítà Gbọ́

Ní November 1901, obìnrin kan dé ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ nílùú Frankfurt, ní Jámánì. Auguste lorúkọ ẹ̀, ọmọ ọdún 51 péré. Ó ń gbàgbé nǹkan, ó ń kó ẹrù pamọ́ kiri ilé, ó sì ń jowú ọkọ ẹ̀ láìnídìí. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ni Alois Alzheimer, ẹni tí wọ́n wá fi orúkọ ẹ̀ pe àìsàn náà títí dòní.

Dókítà ní kó kọ orúkọ ara ẹ̀ sínú ìwé. Obìnrin náà kọ "ìyáàfin" ní èdè wọn, ló bá dúró. Ó ti gbàgbé ìyókù! Àfi ìgbà tí dókítà ń pe ọ̀rọ̀ náà fún un níkọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ò dùn ún o, kì í sì í ṣe púrúǹtù. Alzheimer kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbàgbé ló ń ba ìkọ̀wé ẹ̀ jẹ́. Auguste kú ní April 1906. Fáìlì ẹ̀ sọnù títí di 1995, kí wọ́n tó rí i ní Frankfurt náà, tòun ti ìwé tó fi gbìyànjú láti kọ orúkọ ẹ̀.

Ní ti Auguste, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kọjá kí gègé ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jẹ́rìí. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá báyìí ni bí wọ́n ṣe máa tètè mọ̀. Wọ́n ń lo bíírò tó ní ẹ̀rọ nínú, tó ń ka bí ọwọ́ ṣe ń tẹ ìwé, bó ṣe ń yára sí, àti iye ìgbà tí bíírò fi wà lókè tí kò kan ìwé. Ní 2006, àwọn olùwádìí Yunifásítì Haifa ní Ísírẹ́lì fi hàn pé nǹkan wọ̀nyí yàtọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí àìsàn náà ti ń mú díẹ̀díẹ̀ sí ti ẹni tára ẹ̀ le. Lẹ́tà lè dáa lójú síbẹ̀. Ọwọ́ tó ń dúró lókè tó ń ronú ohun tó kàn ni ojú lásán ò rí.

Kí ẹnikẹ́ni má fi eléyìí wé tàwọn tó ń fi ìkọ̀wé sọ ìwà èèyàn, pé ẹni tó ń kọ lẹ́tà gàgàrà, agbéraga ni. Ìyẹn ò jìnnà sí wíwo àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ti ń kọ̀wé wúruwùru láti iléèwé, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìyípadà ló yẹ kí wọ́n ṣọ́: bàbá tó ń kọ lẹ́tà tó já gaara tẹ́lẹ̀, tó wá ń fo ọ̀rọ̀, tó ń kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, tíṣà àná tí báńkì dá ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀ padà torí pé bó ṣe fọwọ́ sí i ò bára mu mọ́. "Arán ló ń ṣe é," làwọn ará ilé á wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n gbé ìwé tó kọ lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn jáde, kí wọ́n fi wé tòní, kí wọ́n sì kó méjèèjì lọ bá dókítà. Ojú tó ń ṣe bàìbàì, làkúrègbé àti rọpárọsẹ̀ náà ń ba ìkọ̀wé jẹ́. Àrùn Parkinson a máa sọ lẹ́tà di wínníwínní. Dókítà ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀, òmíràn nínú wọn sì gbóògùn.

Ìyá àgbà tí kò di gègé mú rí láyé ẹ̀ wá ńkọ́? Ìbéèrè yìí ti dé Ìbàdàn rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, tó kú ní 1995, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn pawọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń yẹ àwọn tó ti pé ọdún 65 wò ní Ìdíkàn. Púpọ̀ nínú wọn ò kàwé. Nítorí náà, wọn ò gbé e lé kíkọ àti kíkà: wọ́n ń bi àgbà fúnra ẹ̀ léèrè, wọ́n sì ń pe ọmọ tàbí ará ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sọ bí ìyá ṣe ń ṣe sí nínú ilé. Nígbà tí èsì jáde ní 2001, ó ju ẹnì kan lọ díẹ̀ nínú 100 tí àìsàn Alzheimer ń mú lọ́dún kan ní Ìdíkàn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ó lé ní méjì. Ẹ̀rí ọmọ ilé wà lára ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, láìsí bíírò kankan.