Ẹ̀bẹ̀ sí Ìjọba Íńdíà Lórí Àmì Ẹ̀yẹ Àwọn Ọba Àtijọ́

Sí Ọlọ́lá Jùlọ,
Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Àṣà,
Ìjọba Orílẹ̀-èdè Íńdíà,
New Delhi.

Ọlọ́lá jùlọ, 

Ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà ni mí. Ní ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ènìyàn wa wà láàárín wọn, wọ ọkọ̀ òkun wá sí Íńdíà kí wọ́n tó lọ jà nínú igbó Burma. Ogun yẹn kan náà ni àwọn ọmọ ogun Maharaja Patiala, ọ̀kan nínú àwọn ọba Íńdíà àtijọ́, jà ní Imphal. Ẹni tó bá ni jagun kì í ṣe àlejò ẹni mọ́, ìyẹn ló fún mi láyà láti kọ ìwé yìí.

Kí Íńdíà tó gba òmìnira ní 1947, ìlú ọba tó lé ní 550 ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọba náà ló ní àmì ẹ̀yẹ tiwọn, tí wọ́n fi ń yẹ́ jagunjagun, òṣìṣẹ́ ìjọba àti ará ìlú tó ṣe dáadáa sí. Ìlú ọba Mysore fi Gandabherunda ṣe tirẹ̀, ẹyẹ olórí méjì tí í ṣe àmì ìjọba wọn. Nígbà tí Maharaja Ganga Singh ti Bikaner pé àádọ́ta ọdún lórí ìtẹ́ ní 1937, ó ṣe àmì ẹ̀yẹ fún ìrántí rẹ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ: orúkọ ẹni tí wọ́n yẹ́ sí gan-an ni ìṣúra tó wà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yín ti ọdún 1972 kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Íńdíà. Ṣùgbọ́n ó ní ohun náà gbọ́dọ̀ ti pé 100 ọdún. Ìwé àfọwọ́kọ nìkan ni wọ́n dín tirẹ̀ kù sí 75. Nítorí náà, àmì ẹ̀yẹ Bikaner ti 1937 kò ní í bọ́ sábẹ́ ààbò òfin títí di 2037. Kí ọdún náà tó pé, ẹni tó bá fẹ́ lè tà á sókè òkun, alágbẹ̀dẹ sì lè yọ́ ọ nítorí fàdákà ara rẹ̀.

Ẹ ti gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ là rí. Ní 1995, ìjọba yín san owó tó lé ní bílíọ̀nù méjì rúpì kí ohun ọ̀ṣọ́ Nizam, ọba Hyderabad àtijọ́, má baà bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ní 2025, wọ́n fẹ́ lu òkúta iyebíye àtijọ́ tó ti Piprahwa ní Íńdíà jáde ní gbàǹjo ní Hong Kong. Ẹ dá a dúró, òkúta náà sì padà wálé. Gbogbo ayé ló yìn yín fún un.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

1. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àbá lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí àmì ẹ̀yẹ àwọn ìlú ọba náà máa jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní 75 ọdún, bíi ti ìwé àfọwọ́kọ. Kí Íńdíà tó di olómìnira tí kò lọ́ba mọ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1950 ni wọ́n ti pín àmì tí àwọn ọba náà pín nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso. Bí ẹ bá ṣe èyí, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí òfin kò ní í dáàbò bò lónìí.

2. Ẹ fún àwọn ẹbí tó ní àmì ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ láǹfààní láti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láìsí ìjìyà. Kí ó ṣì jẹ́ tiwọn. Bí àìní bá sì mú kí wọ́n fẹ́ tà á, kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba kọ́kọ́ fi owó tó tọ́ lọ̀ wọ́n.

3. Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ìlú ọba náà wò, bí èyí tó wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Rajasthan ní Bikaner, kí wọ́n sì tẹ orúkọ àwọn tí wọ́n yẹ́ sí jáde fún àwọn ọmọ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò tako abala 18 nínú òfin ìpìlẹ̀ yín tó fòpin sí fífi oyè dá ènìyàn lọ́lá. N kò ní kí ẹ dá ọba padà sórí ìtẹ́. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ìrántí iṣẹ́ àwọn tó sin ìlú wọn má parun lójú ọmọ wọn.

Ọlọ́lá jùlọ, ọwọ́ yín ni àṣẹ wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá sí i.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,
Òǹkọ̀wé kan láti ilẹ̀ Yorùbá.