Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Bantè àti Savalou,

Àwọn tó ń kó ọmọ lọ gbá bọ́ọ̀lù tún ti dé. Ẹni yìí ní sẹ́ntà tòun ló dára jù, ẹnì kejì ní òun ló mọ ọ̀nà Yúróòpù. Ìdíje ò burú, bó bá jẹ́ pé ọmọ ló ń jèrè rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà ní troisième. Wọ́n pè é sí Cotonou kí BEPC tó dé. Bàbá rẹ̀ fi owó kajú san án. Ìgbà tí ọmọ padà, kò sí kílọ́ọ̀bù, kò sí BEPC. Ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní pápá wa láti kékeré, wọn ò tilẹ̀ sọ fún un.

Òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù fún kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ òkèèrè, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì tà á lẹ́yìn náà, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti àwọn kílọ́ọ̀bù tó kọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀bù tí kò kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè: Ṣé ẹ ó kọ orúkọ rẹ̀ sí fédérásíọ̀n? Ilé-ìwé wo ni yóò máa lọ? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé èmi ni mo ń sanwó? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ ní kó máa lọ.

Pápá wa ò dán, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi owó ọkọ̀ Cotonou tún un ṣe.