Ta ni yóò buwọ́ lu fáírọ́ọ̀sì ológun?

Láti 1964 ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gá ológun ní Nigerian Defence Academy nílùú Kàdúná níbí. Ní 2018, iléeṣẹ́ ológun orí ilẹ̀ dá ẹ̀ka ogun orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń ba kọ̀ǹpútà ọ̀tá jẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ bí ìbàjẹ́ náà kò ṣe ní kọjá ọ̀dọ̀ ọ̀tá.

Ẹ wo NotPetya. Ní oṣù Kẹfà 2017, àwọn ológun Rọ́ṣíà fi fáírọ́ọ̀sì yìí sínú M.E.Doc, ètò ìṣirò owó táwọn oníṣòwò Ukraine ń lò. Ukraine ni wọ́n fojú sùn, àmọ́ kò pẹ́ tó fi wọ Maersk, iléeṣẹ́ Denmark tí ọkọ̀ òkun rẹ̀ ń já ẹrù sí Àpápá. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń dá òṣìṣẹ́ wọn mọ̀ kárí ayé ló parẹ́, àfi ẹyọ kan ní Gánà, torí pé iná ti lọ níbẹ̀ kí fáírọ́ọ̀sì tó dé. (Àìsí iná náà a máa ṣoore!) Òṣìṣẹ́ kan gbé háàdì díìsìkì kọ̀ǹpútà náà láti Gánà wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, onítọ̀hún sì gbé e lọ sí London. Ìjọba Amẹ́ríkà ní àdánù gbogbo ayé ju bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ. Rosneft, iléeṣẹ́ epo Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀, fara gbá a. Bẹ́ẹ̀, EternalBlue tí fáírọ́ọ̀sì náà fi ń tàn kálẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Amẹ́ríkà ni. Wọ́n jí i, wọ́n sì tú u síta ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn.

Ẹnìkan lè ní agbébọn ń pa wá, kí la fẹ́ fi ìkìlọ̀ ṣe? Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án 2021, ìjọba pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù láwọn apá kan ìpínlẹ̀ Kàdúná nítorí agbébọn. Ìyẹn kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì, n kò sì ní kò wúlò rárá. Ṣùgbọ́n oníPOS àti ẹni tó fẹ́ pe ọlọ́pàá ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022, agbébọn ṣì fi bọ́ǹbù dá ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná dúró.

Wọ́n tún lè ní àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kò dúró dè wá. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ológun wa káwọ́ gbera. Kí wọ́n má ṣe ètò tó ń tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Bí wọ́n bá rí àlébù nínú ohun tí báńkì wa náà ń lò, kí wọ́n sọ fún ẹni tó ṣe é. Kí Ààrẹ fúnra rẹ̀ buwọ́ lu ìkọlù kọ̀ọ̀kan, torí pé òfin ọ̀daràn íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, ọ̀daràn ló wà fún, kì í ṣe ìkọlù ológun. Bí ohun tí a rán sí Sàḿbísà bá lọ pa kọ̀ǹpútà èbúté Kútọnu, orúkọ ẹni tó buwọ́ lùwé ni orílẹ̀-èdè Benin yóò kọ́kọ́ béèrè.