Ilé Tí A Fi Itọ́ Mọ

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 40. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé tí àwọn ọmọdé ti ń kàwé wó ní Ìta Fàájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí irú àjálù báyìí bá ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń gba ẹnu gbogbo ayé: Ṣé símẹ́ńtì pé? Ṣé irin nípọn tó? Ta ló gba owó ẹ̀yìn? Ìbéèrè gidi ni wọ́n, nítorí kì í ṣe ilẹ̀ ló fa gbogbo ilé tó ń wó. Ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin wọn, tí ó yẹ kí ó ṣíwájú, ni ènìyàn kì í sábà bèèrè: irú ilẹ̀ wo ni ilé náà dúró lé?

Àwọn yunifásítì wa wà lára ẹni tó jẹ̀bi àìbéèrè yìí. Wọ́n ti ìmọ̀ nípa ìṣe ilẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, bí ẹni pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ló ń gbé inú ilé. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, kẹ́mísírì tàbí jọ́gíráfì lè gboyè jáde láìmọ ìdí tí ilé fi ń rì. Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí ló ń di olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì tó ń yá ènìyàn lówó ìkọ́lé, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń buwọ́ lu ìwé.

Ìmọ̀ náà kò le tó bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù ba ènìyàn. Amọ̀kòkò mọ̀ pé ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ máa ń sún kì bí omi inú rẹ̀ ṣe ń gbẹ. Ní ọdún 1925, Karl Terzaghi, ọmọ bíbí ìlú Prague, tẹ ìwé kan jáde tó fi ẹsẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí múlẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí a bá gbé ẹrù lé amọ̀ tí omi kún, omi náà ló kọ́kọ́ ń ru ẹrù. Bí omi bá ti ń sá jáde ni ẹrù ń bọ́ sọ́rùn hóró ilẹ̀, ilẹ̀ á sì máa sún kì. Nínú iyanrìn, kíá ni omi ń sá lọ. Nínú amọ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí ilé fi lè dúró dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, kí ògiri rẹ̀ sì máa là lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Ilé ìṣọ́ Pisa ní Ítálì jẹ́rìí sí i. Ọdún 1173 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí amọ̀ rírọ̀. Ogun dá iṣẹ́ dúró fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ráyè le. Bí kì í bá ṣe ìdádúró yẹn, ìbá ti wó. Nígbà tí wọ́n tì í pa ní 1990, tí wọ́n tún ṣí i ní 2001, kì í ṣe òkúta ara rẹ̀ ni wọ́n fi gbà á là; ilẹ̀ ni wọ́n wà jáde díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìhà àríwá, ìhà tí kò tẹ̀ sí.

Ẹ wá wo Lẹ́kí. Oníṣòwò ilẹ̀ á da iyanrìn bo ẹrọ̀fọ̀, á ní ilẹ̀ ti gbẹ. Kò ní sọ fún oníbàárà pé iyanrìn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹrù. Iyanrìn tó ga ní mítà méjì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lórí mítà kan níbùú lóròó. Àjà ilé kan kì í sábà ju nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan lọ lórí ìwọ̀n kan náà. Ẹrù ilé alájà mẹ́ta ti wà lórí ẹrọ̀fọ̀ kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó débẹ̀.

Àwọn kan á ní ilé aládùúgbò kò kúkú wó. Ṣùgbọ́n odò àtijọ́ tí wọ́n ti dí lè gba abẹ́ ilé kan kọjá kí ó má dé abẹ́ èkejì. Àwọn mìíràn á ní àyẹ̀wò ilẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n á náwó sórí géètì àti táìsì. Kí ni àyẹ̀wò náà? Wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á jẹ́ kí òòlù oníkílò 63.5 máa já lu irin láti ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 76, wọ́n á sì ka iye ìgbà tí yóò lù ú kí irin tó wọlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bí iye náà bá kéré, ilẹ̀ rọ̀. Ọmọ ilé-ìwé gíga wo ni èyí kò lè yé?

Àtakò tó lágbára jù ni pé àbọ̀ ìmọ̀ léwu. Òótọ́ ni, bí ẹ̀kọ́ náà bá fẹ́ sọ akẹ́kọ̀ọ́ báyọ́lọ́jì di ẹni tó ń ya àwòrán ìpìlẹ̀. Èyí kọ́ ni à ń wí. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń fa ibà ló di dókítà. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun da omi ìdọ̀tí nù. Bákan náà, ẹni tó kọ́ nípa ilẹ̀ á mọ ìgbà tó yẹ kí ó béèrè ìwé àyẹ̀wò, á sì dá a mọ̀ bí wọ́n bá da ti ilẹ̀ ẹlòmíràn kọ fún un.

Nítorí náà, kí àwọn yunifásítì fi ẹ̀kọ́ yìí sí ọdún kìíní gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì. Kí ìjọba pẹ̀lú yéé dúró di ìgbà tí ògiri bá là kí wọ́n tó gbé ọ̀dà pupa wá sàmì sí i. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ilé tí a kọ́ sórí ilẹ̀ tí a kò mọ̀ kò sì yàtọ̀ sí i, bí ó ti wù kí símẹ́ńtì rẹ̀ dára tó.